Àgbádárìgì sí Kútọnu: ṣé bàálù ni kí n gbé Màmá wọ̀, àbí mọ́tò?

Ọmọ Tọ́pọ̀ | Ọjọ́ Ajé, 7:48 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Akpakpa, ní Kútọnu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, bímọ lánàá. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ la máa sọmọ lórúkọ. Màmá wa ti ní kò sẹ́ni tó máa fi fóònù ṣàfihàn ọmọ-ọmọ òun fún òun, àfi kí òun fọwọ́ ara òun gbé e. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n. Orúnkún wọn ọ̀tún kò dá ṣáṣá. Tí wọ́n bá ti jókòó pẹ́, ńṣe ló máa ń le gbagidi, èmi ni mo máa ń kúnlẹ̀ fi òróró ra á, tí màá fi ọwọ́ méjèèjì na ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó lè dìde.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ro bàálù. Mo wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní láti Èkó sí Kútọnu kò ju kìlómítà 106 lọ lójú òfurufú, pé ìṣẹ́jú 30 sí 40 péré ni. Inú mi dùn. Owó tí mo fi pamọ́ láti tún òrùlé ilé ìdáná ṣe, mo ti múra tán láti fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n kí n tó sanwó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rìn ín rí, ṣé òótọ́ ni ìṣẹ́jú 30 yìí? Ṣé ó máa tu Màmá lára ju mọ́tò tó ń gba bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ lọ? Tọ́pọ̀, ní Àgbádárìgì níbí, la ti ń gbéra o.

Alájàpá Ajárá | Ọjọ́ Ajé, 8:05 alẹ́

Ẹ kú ewu ọmọ o! Olúwa á wò ó, á dá a sí. Ẹ gbé Màmá wọ bàálù jàre. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo ń ná Kútọnu. Ọjọ́ tí mo bá kó ọjà wálé, ìbàdí mi kì í ṣe tèmi mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́. Ìyá ẹni ọdún 74 kọ́ ló yẹ kó máa jókòó há sí ẹ̀yìn mọ́tò láàárín èèyàn mẹ́rin. Òrùlé ilé ìdáná á dúró dè yín.

Ọmọ Ìbẹ̀rẹ̀kó | Ọjọ́ Ajé, 8:11 alẹ́

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Alájàpá. Ìyá ò ṣe é fi pawó mọ́.

Tíṣà Jọ́gíráfì | Ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́

Ẹ kú oríire. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní ìlú yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí kìlómítà 106 yẹn jẹ́.

Kì í ṣe láti ilé yín ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Láti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà sí ti Cadjehoun ní Kútọnu ni, lórí ìlà tó lọ tààrà, bí ìgbà tí èèyàn bá na okùn láti igi kan sí èkejì. Ẹ wá gbé rúlà lé ìlà yẹn lórí máàpù. Apá òkè ìlú wa níbí ni ìlà náà gbà kọjá, kò ju bíi kìlómítà 6 lọ sí àárín Àgbádárìgì. Tí ẹ bá wọ̀n ọ́n láti ọ̀dọ̀ wa sí pápákọ̀ Ìkẹjà, bíi kìlómítà 52 ni. Láti ọ̀dọ̀ wa sí Cadjehoun, bíi 56. Àárín méjèèjì gan-an la wà!

Ẹni tó bá kúrò ní Tọ́pọ̀ tó ní òun ń lọ wọ bàálù ní Ìkẹjà, ẹ̀yìn ló kọ sí Kútọnu yẹn. Á rìn títí dé Ìkẹjà, bàálù á wá gbé e padà wá sí sàkáání ilé rẹ̀ kó tó máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ìgbà tí bàálù bá dé òkè òrùlé ilé ìdáná yín yẹn, ibẹ̀ ni ẹ̀yin ì bá ti gbéra.

Ní ti ìṣẹ́jú: àwọn ọmọ kíláàsì mi a máa bi mí pé, bí bàálù bá ń sá kìlómítà 800 ní wákàtí kan, ṣé kì í ṣe ìṣẹ́jú 8 ló yẹ kó fi dé Kútọnu? Mo máa ń sọ fún wọn pé òkè réré ló ti ń sá eré yẹn. Tí kò bá tíì ga tó 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, òfin ojú òfurufú kì í sábà jẹ́ kó kọjá 250 nọ́ọ̀tì, ìyẹn bíi kìlómítà 463 ní wákàtí kan. Ọ̀nà Kútọnu sì kúrú débi pé kò ní tíì pẹ́ tó gòkè tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ka bó ṣe ń ṣẹ́rí kúrò ní Ìkẹjà mọ́ ọn, kí ẹ sì ka bó ṣe ń tò kó lè dojú kọ ibi tí yóò balẹ̀ sí. Ìyẹn ló fi ń di ìṣẹ́jú 25 sí 30 lókè. Ohun tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe irọ́. Àmọ́ ìgbà tí táyà bá kúrò nílẹ̀ sí ìgbà tó bá tún kanlẹ̀ nìkan ló ń kà, tàbí kó fi wíwọ́ nílẹ̀ díẹ̀ kún un. Kò ka ẹsẹ̀ Màmá.

Ọmọ Tọ́pọ̀ | Ọjọ́ Ajé, 9:41 alẹ́

Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀rọ̀ yín dá mi dúró. Mo ti ń gbọ́ ìró bàálù lókè ilé wa láti kékeré, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé a wà láàárín ìlú méjèèjì báyìí.

Òṣìṣẹ́ Pápákọ̀ Nígbà Kan | Ọjọ́ Ajé, 10:15 alẹ́

Mo ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ Ìkẹjà rí, ara iṣẹ́ mi ni kí n máa fi àga oníkẹ̀kẹ́ ti àwọn àgbàlagbà wọlé. Ẹ jẹ́ kí n ka wákàtí náà fún yín bó ṣe máa ń rí.

Kútọnu wà nítòsí lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ òkèèrè ni lójú pápákọ̀. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún èrò ni pé kí wọ́n dé ní wákàtí 3 ṣáájú. Wọ́n máa ń ti ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù tó bá ku bíi wákàtí kan. Ká ní aago 10 àárọ̀ ni bàálù fẹ́ gbéra, ẹ gbọ́dọ̀ ti wà ní Ìkẹjà láago 7. Kí ẹ tó lè dé Ìkẹjà láago 7 láti Tọ́pọ̀, ẹ ó gba Agbára, Ọ̀kọ́kọmáikò, Ìyànà-Ìbà, Máìlì 2 àti Òṣòdì. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà yẹn. Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú kó kúrò nílé lẹ́yìn aago 4 ìdájí. Màmá á ti jókòó nínú mọ́tò fún wákàtí 2 tàbí 3 kó tó fojú kan bàálù.

Àga oníkẹ̀kẹ́ wà, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀, ìgbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti bèèrè fún un. Àmọ́ ìjókòó náà ló pọ̀ jù. Ẹ ó jókòó de ìwé, ẹ ó jókòó de àyẹ̀wò ara, ẹ ó tún jókòó sí ẹnu ọ̀nà bàálù. Mo rántí ìyá kan tí mo tì. Nígbà tí a máa fi dé ẹnu àtẹ̀gùn bàálù, wọn ò lè na ẹsẹ̀ wọn mọ́. A ní láti dúró ti wọ́n kí ó tó rọ̀.

Nígbà tí ẹ bá sì balẹ̀ ní Cadjehoun, ìwọ̀ oòrùn Kútọnu lẹ wà yẹn. Akpakpa wà ní ìlà oòrùn, ní òdìkejì ọ̀sà. Ẹ ó tún wọ takisí, ẹ ó gun afárá, ẹ ó padà sí apá ibi tí ẹ ti ń bọ̀.

Tíṣà Jọ́gíráfì | Ọjọ́ Ajé, 10:22 alẹ́

Ẹ ṣeun, Òṣìṣẹ́. Mi ò ka ti Akpakpa yẹn mọ́ ọn rárá. Ẹni tó ti Àgbádárìgì gba ojú ilẹ̀ lọ, Akpakpa ló máa kọ́kọ́ kàn kó tó rí afárá.

Ará Ìkẹjà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀

Ẹ kú ìjíròrò. Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ bíi pé bàálù ò wúlò o. Ọmọ Àgbádárìgì ni mí, Ìkẹjà ni mo ń gbé. Fún èmi, ìṣẹ́jú 20 ni pápákọ̀. Tí mo bá ní ìpàdé ní Kútọnu, tí bàálù tó lọ tààrà sì wà lọ́jọ́ náà, bàálù ni mo máa wọ̀, nítorí Òṣòdì sí Agbára nìkan lè gba gbogbo àárọ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Ibi tí èèyàn ti ń gbéra ló yẹ kó fi pinnu.

Bọ̀dá Lomé | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀

Gbólóhùn tí Ará Ìkẹjà sọ yẹn, «tí bàálù tó lọ tààrà sì wà», ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí kí ẹlòmíì má bàa rìn síbẹ̀.

Bàálù tààrà láàárín Èkó àti Kútọnu kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bá nílẹ̀ lójoojúmọ́. Ilé iṣẹ́ kan lè gbé e dé lónìí kó dá a dúró lọ́la. Tí ẹ bá tẹ Èkó sí Kútọnu sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ohun tó sábà máa ń jáde ni èyí tó máa kọ́kọ́ gbé yín lọ sí Lomé, tàbí Abidjan pàápàá, kó tó dá yín padà. Èmi ra ti Lomé, mo rò pé inú bàálù ni màá kàn jókòó sí tí wọ́n á fi gbé èrò. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó ní Lomé fún wákàtí 5 lórí àga irin. Ilé iṣẹ́ tó gbé mi ò fún mi ní omi kan. Mo ti kọjá lókè Kútọnu láàárọ̀, ọ̀sán ni mo tó padà wá bá a.

Ohun mìíràn ni aago. Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ ń lo aago kan náà, ṣùgbọ́n Tógò àti Gánà fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Aago ọwọ́ mi wà ní ti Èkó, fóònù mi ti yí sí ti Lomé, aago tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti ìlú kọ̀ọ̀kan. Àyà mi já gidi gan-an nígbà tí mo rò pé bàálù kejì ti fi mí sílẹ̀. Ẹ má ti ìyá ẹni ọdún 74 sínú ìyẹn.

Tíṣà Jọ́gíráfì | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:25 àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bọ̀dá. Mo ti ṣírò rẹ̀: Ìkẹjà sí Lomé jẹ́ bíi kìlómítà 233, Lomé sí Kútọnu jẹ́ bíi 127. Ẹ rin kìlómítà 360 nítorí ọ̀nà tí kò ju 106 lọ.

Ti aago yẹn náà ló máa ń jẹ́ kí ìrìn Èkó sí Accra ya èèyàn lẹ́nu. Ọ̀nà yẹn tó bíi kìlómítà 400, bíi wákàtí kan ni bàálù ń lò lókè. Ẹni tó bá gbéra ní Ìkẹjà láago 10, aago 10 náà ló máa bá ní Accra.

Alájàpá Ajárá | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:10 àárọ̀

Ọmọ Tọ́pọ̀, ẹ jọ̀ọ́, mo yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ìbàdí tèmi ni mo fi ṣe ìwọ̀n lánàá, mo sì gbàgbé pé ẹrù tó wà lẹ́sẹ̀ mi ló ń dá a lóró. Màmá ò ní gbé ẹrù kankan. Ẹ lọ bá awakọ̀ tó mọ iṣẹ́, kí ẹ san owó ìjókòó iwájú méjèèjì fún Màmá nìkan. Ní gáréèjì wa, èèyàn méjì ni wọ́n ń kì síbẹ̀, òun lẹ fi ń san ti méjì.

Ọmọ Yóvóyàn | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:34 àárọ̀

Ṣé kò sẹ́ni tó máa mẹ́nu ba ojú omi? Ọ̀sà ni àwọn bàbá wa ń gbà dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kí títì tó dé. Omi kì í gbọn èèyàn bíi kòtò.

Ọmọ Tọ́pọ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:50 àárọ̀

Ẹ ṣeun, Bọ̀dá mi. Wíwọ ọkọ̀ ojú omi gan-an ni ìṣòro, Màmá ò lè gbé ẹsẹ̀ ga kọjá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Àjàṣẹ́ ló sì máa já wa sí, a ó tún wá mọ́tò dé Kútọnu.

Awakọ̀ Sẹ̀mẹ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:17 ọ̀sán

Ẹ kú oríire o, ẹ̀gbọ́n wa. Ojú ọ̀nà ni mo wà láti àárọ̀, ìsinsìnyí ni mo ráyè kà á. Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n là á sílẹ̀ bó ṣe wà.

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ogun, ti Máìlì 2 sí Agbára ni wọ́n ń sọ. Láti ayé Gómìnà Fáṣọlá ni wọ́n ti ń fẹ ọ̀nà yẹn. Ẹ̀yin ò ní débẹ̀ rárá! Láti Àgbádárìgì sí bọ́dà jẹ́ bíi kìlómítà 20. Láti bọ́dà sí Akpakpa jẹ́ bíi 30, títì ibẹ̀ sì dán. Gbogbo rẹ̀ ò ju bíi kìlómítà 50 lọ.

Ohun tó ń jẹ àkókò ni ìdúró. Ibi àyẹ̀wò pọ̀ láàárín wa àti bọ́dà, mi ò lè purọ́ fún yín. Ìwé ni kí ẹ fi bá wọn sọ̀rọ̀. Kí Màmá mú pásípọ́ọ̀tù dání, tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS, àti yẹ́lò káàdì tó fi hàn pé wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Láti ọdún 1979 ni ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé kí ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ náà máa wọ ilẹ̀ ara wọn láìgba físà, fún ọjọ́ 90. Tí wọ́n bá bi yín léèrè, ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ àti ìdí rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ojú yín máa sá kiri. Ní Sẹ̀mẹ̀, láti ọdún 2018 ni wọ́n ti ṣí ibùdó tí òṣìṣẹ́ Nàìjíríà àti ti Bẹ̀nẹ̀ jọ wà nínú ọgbà kan. Ẹ rí i dájú pé wọ́n lu òǹtẹ̀ nígbà tí ẹ ń jáde àti nígbà tí ẹ ń wọlé.

Ohun kan tí mo ń bẹ̀ yín: àwọn ọmọ ọlọ́kadà kan máa wá bá yín pé àwọn mọ ọ̀nà ẹ̀yìn tó yá. Ẹ má tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n ti bọ́dà pa láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 sí oṣù Kejìlá 2020, mo rí àwọn tó gba inú igbó, mo rí bí wọ́n ṣe padà wálé.

Ní ti orúnkún: ẹ ti ìjókòó iwájú sẹ́yìn dé òpin. Ẹ ká ìró kan ní ìlọ́po mẹ́rin sábẹ́ itan Màmá, kó má jẹ́ abẹ́ orúnkún gan-an, kí ẹsẹ̀ má bàa máa rọ̀. Ní bọ́dà, ẹ jẹ́ kí wọ́n rìn díẹ̀. Ní Ekpè, níbi tí wọ́n ti ń gba owó títì, ẹ lè tún dúró lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọjá. Bàálù ò lè dúró nítorí orúnkún ẹnikẹ́ni, èmi lè dúró. Aago 6 àárọ̀ ni kí a gbéra, kí èrò ọjà tó kún bọ́dà.

Òṣìṣẹ́ Pápákọ̀ Nígbà Kan | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:03 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ awakọ̀ yìí tẹ́ mi lọ́rùn. «Bàálù ò lè dúró», mi ò lè sọ ọ́ dáa jù báyẹn lọ.

Ará Ìkẹjà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:45 ìrọ̀lẹ́

Èmi náà gbà, fún ẹni tó ti Àgbádárìgì gbéra. Síbẹ̀ ó ń dùn mí pé ìrìn bàálù láàárín àwa aládùúgbò ṣì le báyìí. Ní ọdún 1999 ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti fẹnu kò ní Yamoussoukro pé àwọn máa ṣí ojú òfurufú sílẹ̀ fún ara wọn. ECOWAS náà tún pinnu ní ìparí ọdún 2024 pé kí wọ́n mú owó orí kúrò lára tíkẹ́ẹ̀tì bàálù láàárín ara wọn láti January 2026, kí wọ́n sì fi ìdá 25 nínú 100 dín owó tí pápákọ̀ ń gbà lọ́wọ́ èrò kù. Ó wù mí kí ó délẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwa tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Tíṣà Jọ́gíráfì | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:10 ìrọ̀lẹ́

Ti ojú ilẹ̀ náà ńkọ́? Títì Èkó sí Abidjan tí wọ́n ti buwọ́ lù láti ọdún 2014, kìlómítà 1,028, orílẹ̀-èdè márùn-ún. Iwájú ilé wa níbí ló máa gbà. Mo ń retí rẹ̀ ju bàálù lọ.

Ọmọ Tọ́pọ̀ | Ọjọ́rú, 9:12 alẹ́

Mo ti pinnu. Ọ̀la la máa lọ, mọ́tò ni. Mo ti bá Awakọ̀ Sẹ̀mẹ̀ sọ̀rọ̀. Pásípọ́ọ̀tù wà, yẹ́lò káàdì wà, mo ti ká ìró sílẹ̀. Ẹ bá wa fi àdúrà sí i.

Alájàpá Ajárá | Ọjọ́rú, 9:15 alẹ́

Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire. Ẹ ṣẹ́ owó sẹ́fà tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó dé bọ́dà, kí ẹ má bàa máa ka náírà síta níbẹ̀.

Ọmọ Tọ́pọ̀ | Ọjọ́bọ̀, 8:30 alẹ́

A ti dé o! Akpakpa ni mo ti ń kọ èyí. Mo kọ aago sílẹ̀ nítorí Tíṣà:

Aago 6:10 la kúrò nílé. Aago 7 kọjá ìṣẹ́jú 5 la dé bọ́dà, ìgbà mẹ́fà ni wọ́n dá wa dúró. A lo ìṣẹ́jú 50 lórí ìwé. Màmá fi ọwọ́ ti èjìká mi, wọ́n rìn láti ojú fèrèsé kan sí èkejì, òṣìṣẹ́ obìnrin kan ní apá Bẹ̀nẹ̀ gbé àga tirẹ̀ fún wọn. A dúró díẹ̀ lẹ́yìn Ekpè. Aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 10 la kan ilẹ̀kùn àbúrò mi. Wákàtí 3 géérégé.

Màmá fúnra wọn ló sọ̀ kalẹ̀. Orúnkún náà le díẹ̀, mo fẹ́ kúnlẹ̀ rà á bí mo ṣe máa ń ṣe, wọ́n gbá ọwọ́ mi kúrò, wọ́n ní ọmọ dà.

Lọ́sàn-án, wọ́n gbé ọmọ sí àyà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàálù kan kọjá lókè wa, ó ti rẹlẹ̀ gan-an, ó ń lọ balẹ̀ ní Cadjehoun, a rí táyà rẹ̀ lábẹ́ ikùn. Màmá fi ọwọ́ bo etí ọmọ títí ó fi lọ tán.

Tíṣà Jọ́gíráfì | Ọjọ́bọ̀, 8:41 alẹ́

Ọpẹ́ ni fún Olúwa. Wákàtí 3 náà lẹ bá lò ní ìjókòó pápákọ̀ nìkan. Ẹ bá mi kí Màmá.

Awakọ̀ Sẹ̀mẹ̀ | Ọjọ́bọ̀, 10:02 alẹ́

Mo ti padà sílé láti ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ wo ni kí n wá gbé Màmá?

Ọmọ Tọ́pọ̀ | Ọjọ́ Ẹtì, 6:55 àárọ̀

Wọ́n ní àwọn ò tíì ń bọ̀. Àwọn á wẹ ọmọ fún ogójì ọjọ́ kí àwọn tó gbéra. Mo ti wo òǹtẹ̀ inú pásípọ́ọ̀tù wọn, ọjọ́ 90 kò ní tíì pé nígbà náà. Èmi nìkan lẹ máa wá gbé lọ́jọ́ Ajé. Ìjókòó ẹ̀yìn tó fún mi.